Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé London: ká lọ tààrà ni, àbí ká yà lọ́nà?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí London, màmá wa ní àwọn máa lọ wẹ ọmọ, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ míì. Èmi ni wọ́n ní kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí fóònù, mo wá bààlúù láti Èkó sí London, ni mo bá rí èyí tó ń lo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, mo rí èyí tó ń lo mọ́kànlá, mo tún rí èyí tó ń lo mẹ́tàlélógún, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbéra o. Mo kà á sétí màmá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé London méjì ló wà ni?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ṣírò rẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe màmá mi nìkan ló rú lójú. Àwọn ọmọ tó jáde ní LAUTECH, yunifásítì tó wà n'Ógbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n fẹ́ lọ kàwé sí i, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ bíi ti màmá mi, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè, èwo ni ká gbà? Kí n tó máa ka bààlúù sílẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi eléyìí sọ́kàn: wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, Ìkẹjà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwa ò gbé Ìkẹjà. Takie n'Ógbómọ̀ṣọ́ la ti ń gbéra.

Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yẹn, ibo ló ti wá?

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà dé Heathrow, pápákọ̀ òfurufú ńlá ti London, bíi 5,000 kìlómítà ni lójú sánmà. Bààlúù ńlá tó bá ti gòkè tán máa ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ pín in, ẹ ó rí bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Wákàtí kan tó kù, ibi tó ti ń wọ́ jẹ́jẹ́ nílẹ̀, tó ń gun òkè, tó tún ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ló bá a lọ, nígbà míì ó tún máa pòyì lókè Heathrow kí wọ́n tó gbà á láyè, torí ojú ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ní níbẹ̀ fún gbogbo èrò yẹn. Ìṣirò tí mo máa ń fún àwọn èèyàn nìyẹn: ẹ pín kìlómítà sí 900, ẹ fi wákàtí kan lé e. Bó bá jẹ́ bààlúù méjì lẹ máa wọ̀, ẹ fi wákàtí kan lé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Ohun kan wá wà ńbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èkó àti London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ọ̀kan wà ní gúúsù, èkejì wà ní àríwá, nítorí náà bààlúù ò yà sọ́tùn-ún ò yà sósì, àríwá ló ń kọjú sí, ó ń gba orí orílẹ̀-èdè Niger, aṣálẹ̀ Sàhárà, Algeria, òkun Mẹditaréníà, Faransé, kó tó dé. Ṣé ẹ rí nǹkan tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ máa jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí márùn-ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ s'Ékòó, ẹ wá wọ bààlúù, bààlúù á tún gbé yín padà sókè, láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó ti dé ọ̀gangan ibi tí ilé yín wà, ó kàn jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn wa níbẹ̀ ló gbà kọjá. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò wá lè dúró gbé mi ní Takie ni?"

Bí ọ̀nà òfurufú yẹn bá sì dí, àkókò á yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú sánmà wọn pa títí di oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ láti Yúróòpù sí Èkó wá ń yípo, wákàtí sì ń lé sí i. Èkó kan náà, London kan náà, ọ̀nà ló gùn sí i.

Ti aago náà tún wà. Àkókò ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá, aago London àti aago tiwa ò yàtọ̀. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni London fi wà lẹ́yìn wa. Bẹ́ẹ bá gbéra láago mọ́kànlá òwúrọ̀ n'Ìkẹjà ní oṣù kọkànlá, ẹ máa balẹ̀ láago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tiwọn, ẹni tó bá ń yọ ọ́ lára ara wọn á ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni bààlúù yẹn lò. Irọ́ ni o.

Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Kìlómítà tí mo kọ síbí, ti ojú sánmà tààrà ni, mo ti ro ti bààlúù méjèèjì pọ̀. Wákàtí tó wà níbẹ̀, ti inú bààlúù nìkan ni, mi ò tíì ka ti ìdúró.

Tààrà: bíi 5,000 km, wákàtí 6 ààbọ̀.
Ẹ yà ní Paris: bíi 5,070 km, wákàtí 6 àti díẹ̀, lẹ́yìn náà wákàtí 1 àti díẹ̀.
Ẹ yà ní Casablanca ní Mòrókò: bíi 5,280 km, wákàtí 4 ààbọ̀, lẹ́yìn náà 3 àti díẹ̀.
Ẹ yà ní Istanbul: bíi 7,100 km, nǹkan bíi wákàtí 7, lẹ́yìn náà 4.
Ẹ yà ní Cairo: bíi 7,460 km, wákàtí 5 àti díẹ̀, lẹ́yìn náà 5.
Ẹ yà ní Addis Ababa: bíi 9,840 km, wákàtí 5 àti díẹ̀, lẹ́yìn náà 7 ààbọ̀ tàbí 8.
Ẹ yà ní Doha: bíi 10,750 km, wákàtí 7, lẹ́yìn náà 7 míì.
Ẹ yà ní Dubai: bíi 11,400 km, ẹ fi wákàtí 7 ààbọ̀ lé 7 ààbọ̀.

Ẹ tún wo ti Doha yẹn dáadáa. Láti Èkó dé Doha nìkan, bíi 5,530 kìlómítà ni, ìyẹn ni pé Doha tẹ́ẹ kàn fẹ́ yà sí yẹn jìnnà sí Èkó ju London tẹ́ẹ ń lọ lọ! Ìgbà tẹ́ẹ bá sì fi máa balẹ̀ ní London, ẹ ti fò ju ẹni tó lọ láti Èkó dé New York lọ, torí bíi 8,440 kìlómítà ni tiẹ̀. Mi ò ní kéèyàn má gba ibẹ̀ o. Bààlúù wọn tura, oúnjẹ wọn dáa, àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ń yìn ín. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ mọ̀ pé ìlà oòrùn lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ẹ tún wá ń padà sí ìwọ̀ oòrùn. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gba Ìlọrin.

Ti Rwanda tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Àwọn kan máa ń gba Kigali, Kigali sì wà ní ìsàlẹ̀ ìlà tó la ayé láàárín, ẹni tó ń lọ sí àríwá wá ń kọ́kọ́ lọ sí gúúsù ayé. Gbogbo rẹ̀ á máa lọ sí bíi 9,700 kìlómítà. Bí owó rẹ̀ bá wá wálẹ̀ púpọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ gbà á, èmi ò bá yín jà.

Èyí táwọn èèyàn kì í kà sí, tó sì jẹ́ pé òun lèmi fẹ́ràn jù nínú àwọn tó ń yà lọ́nà, ni Casablanca. Mòrókò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà gan-an, bíi 280 kìlómítà péré lẹ fi gùn ju ti tààrà lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ju láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ s'Ékòó kéèyàn tún padà dé Mọ́wẹ̀ lọ. Ti Paris tiẹ̀ tún kéré sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé wà ńbẹ̀: pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára àwọn tí ilẹ̀ Yúróòpù máa ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà bó bá jẹ́ inú éápọ́ọ̀tù nìkan lẹ ti fẹ́ pààrọ̀ bààlúù, àwọn kan wà tí wọ́n yọ sílẹ̀, àwọn kan ò sí níbẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bààlúù náà fúnra ẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ má gba ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì tó ń sọ pé "kò sí wàhálà". Ẹni tó bá ní kò sí wàhálà, òun kọ́ ló máa dúró síwájú káńtà.

Ìdúró lọ́nà ló ń jẹ wákàtí

Wákàtí mẹ́tàlélógún tí mo rí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, bààlúù kọ́ ló gbà á. Nǹkan bíi mẹ́tàlá ni ti bààlúù méjèèjì, mẹ́wàá tó kù, orí àga éápọ́ọ̀tù ni.

Kò yẹ kí ìdúró kéré jù, kò sì yẹ kó pọ̀ jù. Wákàtí kan kéré, bí bààlúù àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ẹ̀yin débẹ̀ kí ẹrù yín má débẹ̀. Wákàtí méjì sí mẹ́rin ló dáa. Bó bá ti ń sún mọ́ mẹ́jọ, ẹ ti ń wá ibi tẹ́ẹ ti máa na ẹ̀yìn nìyẹn. Àwọn bíi Ethiopian máa ń fúnni ní hòtẹ́ẹ̀lì bí ìdúró bá ju wákàtí mẹ́jọ lọ, bí kò bá ti sí bààlúù míì tó yá ju ìyẹn lọ, ẹ bi wọ́n nígbà tẹ́ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ẹ bá débẹ̀. Ẹ sì mú súwẹ́tà dání, torí Addis wà lórí òkè, ó fi ju 2,300 mítà lọ ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ lóru kì í ṣe eré.

Wọ́n á tún yẹ ẹrù ọwọ́ yín wò níbi ìdúró yẹn. Ohun olómi tó bá ti ju mílílítà 100 lọ, wọn kì í sábà gbà á kọjá, kò kàn wọ́n pé ẹ ti bá a kọjá n'Ìkẹjà. Epo pupa, ẹ dì í sínú ẹrù ńlá tó ń lọ sábẹ́ bààlúù, kẹ́ẹ sì dì í dáadáa. Ti ẹran, pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, wàrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà wọ́n wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Èlùbọ́ ni kẹ́ẹ kó.

Apá tó le jù: Takie sí Ìkẹjà

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ kà, torí ohun tó ń jẹ́ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàdánù bààlúù kò sí lójú sánmà rárá.

Ọ̀nà mọ́tò ló wọ́pọ̀ jù. Láti Takie dé Ìkẹjà tó nǹkan bíi 230 sí 240 kìlómítà, ẹ gba Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, ẹ wá bọ́ sí márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Bí gbogbo nǹkan bá dáa, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ta ni gbogbo nǹkan ń dáa fún? Àárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, tí kò ju nǹkan bíi 52 kìlómítà lọ, ó lè gba ìṣẹ́jú àádọ́ta, ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Tírélà kan á dùbúlẹ̀ gbalaja sójú títì, àwọn onímọ́tò á ya sínú igbó lápá ọ̀tún, àwọn tó ń bọ̀ á ya sínú igbó lápá òsì, wọ́n á wá pàdé ara wọn níwájú, kò ní sí ẹni tó máa fẹ́ sún sẹ́yìn. Mo ti wà nínú ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ gba ẹnì kan ní Ìkẹjà, mo ra àgbàdo sísè jẹ, mo ra ọsàn, mo sùn, mo jí, ibì kan náà la wà. Ẹnì kan nínú mọ́tò wa tó ní bààlúù láti wọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ẹrù lórí. Mi ò mọ̀ bó ṣe bá a.

Ọ̀nà kejì ni Ìlọrin. Láti ọ̀dọ̀ wa dé pápákọ̀ òfurufú wọn, bíi 55 kìlómítà, wákàtí kan lẹ máa lò, ọ̀nà ọ̀hún sì dáa ju ti apá Ọ̀yọ́ lọ. Bààlúù láti ibẹ̀ dé Èkó ò tó wákàtí kan. Lórí ìwé, kò sí èyí tó dùn tó o. Ìṣòro ẹ̀ ni pé bààlúù tó ń lọ síbẹ̀ lóòjọ́ ò pọ̀, bí wọ́n bá sún ọ̀kan síwájú, kò sí òmíì tẹ́ẹ máa bọ́ sí. Èmi fúnra mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo ra ti Ìlọrin sí Èkó lọ́tọ̀, mo ra ti òkè òkun lọ́tọ̀, mo fi wákàtí mẹ́rin sáàárín, mo rò pé mo gbọ́n. Iléeṣẹ́ bààlúù kan tí n ò ní dárúkọ wọn ní ká dúró díẹ̀, wọ́n tún ní ká dúró díẹ̀, díẹ̀ yẹn di wákàtí márùn-ún, wọ́n wá fún wa ní bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Nígbà tí mo fi máa dé Èkó, ti òkè òkun ti lọ. Àwọn ti Ìlọrin ní ọwọ́ àwọn kọ́ ni mo ti ra ti òkè òkun, àwọn ti òkè òkun ní èmi ni mi ò tètè dé. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Èmi ni mo san owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ fetí sí èyí: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ìrìn àjò pọ̀ yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì méjì tẹ́ẹ fúnra yín so pọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, tí bààlúù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tẹ́ẹ ò fi bá èkejì, àwọn ni wọ́n máa wá òmíì fún yín. Bó bá jẹ́ méjì ni, ẹ̀yin àti orí yín ni. Ẹ má gbàgbé pé ilé tí bààlúù abẹ́lé ń balẹ̀ sí n'Ìkẹjà kọ́ ni ilé tí ti òkè òkun ti ń gbéra, ẹ máa wọ mọ́tò láàárín méjèèjì, pẹ̀lú ẹrù. Bẹ́ẹ bá máa gba Ìlọrin, ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Ọ̀nà kẹta ni rélùwéè, àwọn ará ilé wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn án. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni reluwéè Ìbàdàn sí Èkó ti ń gbé èrò, Mọníyà ló ti ń gbéra, Mọníyà sì rèé, apá ọ̀dọ̀ wa ló wà, ẹ ò tíì ní láti wọ àárín Ìbàdàn rárá. Gbogbo ojú irin náà dé Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tta jẹ́ 157 kìlómítà, wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n Agége ni kẹ́ẹ̀yin ti sọ̀, torí ibẹ̀ ò jìnnà sí éápọ́ọ̀tù. Kò sí tírélà lójú irin. Kìkì pé apá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ẹ tó débẹ̀.

Ti pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá sọ, ọmọ bíbí ìlú wa níbí, ó máa ń wù mí láti dárúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹ̀? Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Alákìá, ẹ ti kọjá apá tó burú jù lọ́nà, bẹ́ẹ ti débẹ̀, márosẹ̀ Èkó ti wà níwájú yín. Ẹ kúkú máa lọ.

Bí màmá ṣe lọ

Tààrà la ra fún wọn, ó wọ́n ju àwọn yòókù lọ, gbogbo wa la dá a. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, orúnkún ń dùn wọ́n, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wá gẹ́ètì kiri ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Lárúbáwá. Mo tún ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìlera gbé wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa sọ fún iléeṣẹ́ bààlúù ṣáájú. Màmá kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ṣé arọ làwọn ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ń ti àwọn kọjá lára gbogbo ìlà gígùn yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú la kúrò ní Takie, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ àmàlà, ọmọ Ajílété tó ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ, ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́kun. Ọ̀sán la wọ Èkó, a sùn ní ilé ẹbí n'Ágége. Aago méje Ọjọ́bọ̀ a ti wà ní éápọ́ọ̀tù. Mọ́kànlá ni bààlúù gbéra, mẹ́rin ààbọ̀ aago London ló balẹ̀, ó di mẹ́fà kí wọ́n tó tẹ pásípọ́ọ̀tù tán tí ẹrù sì jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Abbey Wood. Ẹ kà á: wákàtí mọ́kàndínlógójì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Mẹ́fà ààbọ̀ péré ló wà lójú sánmà nínú ẹ̀. Ká ní a gba Casablanca pẹ̀lú ìdúró wákàtí mẹ́ta, bíi mẹ́rìnlélógójì ni ì bá jẹ́. Owó tẹ́ẹ fi kún un, wákàtí márùn-ún lẹ fi rà. Fún màmá, ó tọ́. Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń lọ kàwé, tó máa sanwó ilé, tó máa ra kóòtù, mi ò rò pé ó tọ́, kó gba Casablanca tàbí Cairo, kó sùn lórí àga, kó fi owó yẹn ra bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Heathrow àbí Gatwick

British Airways àti Virgin Atlantic máa ń balẹ̀ sí Heathrow láti Èkó. Air Peace, tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹta ọdún 2024, Gatwick ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn éjẹ́ǹtì ń ta méjèèjì bíi "London" ni, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tẹ́ẹ ń lọ bá níbi tó ń gbé. Heathrow wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, bíi 23 kìlómítà sí àárín ẹ̀. Gatwick wà ní gúúsù, bíi 45. Ẹni tó ń gbé Peckham, Gatwick lè yá a, torí reluwéè wà láti ibẹ̀ dé London Bridge tààrà. Ẹni tó ń gbé Abbey Wood, Woolwich tàbí Thamesmead, Heathrow ni, reluwéè Elizabeth ń ti ibẹ̀ lọ dé Abbey Wood láìpààrọ̀.

Bó bá jẹ́ Manchester lẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ yí padà o. London sí Manchester tó bíi 320 kìlómítà sí i, ẹ̀yin náà ni ẹ máa gbé ẹrù yẹn wọ reluwéè ní Euston. Ibí ni àwọn tó ń yà ní Doha tàbí Istanbul ti wá ń lérè, torí bààlúù ń ti àwọn ìlú méjèèjì yẹn balẹ̀ sí Manchester gan-an, ẹrù yín á sì bá yín débẹ̀. Tààrà dé London ò ní jẹ́ tààrà fún yín mọ́.

Ìpadàbọ̀

Àwọn èèyàn kì í ro èyí. Bí bààlúù yín bá balẹ̀ s'Ékòó lálẹ́, ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè kó ní ká máa lọ sílé lóru, pẹ̀lú báàgì ńláńlá lẹ́yìn mọ́tò. Ẹ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹbí sínú ìṣirò yín látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí màmá padà dé, a sùn n'Ágége, a wọ reluwéè àárọ̀ lọ sí Mọníyà, àbúrò mi gbé mọ́tò wá pàdé wa níbẹ̀. Ẹ wo àkókò reluwéè yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tó ṣáájú, torí wọ́n máa ń yí i, kò sì pọ̀ lóòjọ́. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀.